Ọdẹ́rìndé Gbé Ata Àwẹ̀ró Lọ sí Ìlú Kànga Aró

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi dáadáa, nítorí ìtàn yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ohùn òkè sọ. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti sọ ìtàn títí àwọn àgbàlagbà fi sunkún níwájú mi, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè sọ èyí bí mo ṣe lè sọ ọ́. Síbẹ̀, bí mo bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ara mi á ṣe gìrì.

Ìtàn Ọdẹ́rìndé ni, ọdẹ abúlé Ìdí-Àfọ̀n, ọkùnrin tí ẹfọ̀n fi ìwo gbé sókè tó sì là á mọ́lẹ̀, tó tún dìde tó pa ẹfọ̀n náà, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé láti wá pe àwọn tí yóò bá a gbé ẹran. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń sọ ti ẹfọ̀n yẹn, gbogbo àgọ́ àwọn ọdẹ ló máa ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n tó bá kan èyí, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á sì máa wẹ̀yìn wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, oko dára ní Ìdí-Àfọ̀n. Wọ́n ṣe àjọ̀dún ìkórè, wọ́n pa màlúù, wọ́n sun ẹran náà lórí ẹyin iná, wọ́n bu ata gígún wọ́n ọn, wọ́n sì pín in láti ojúlé dé ojúlé. Tọmọdé tàgbà jẹ ẹ́, wọ́n jó, wọ́n sùn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, inú ti ń run abúlé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ń yàgbẹ́, wọ́n ń bì, ara wọn gbóná bí ààrò. Ara ọ̀pọ̀ nínú wọn yá. Àwọn mìíràn kò dìde mọ́. Lára àwọn tí kò dìde ni Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́rìndé, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó máa ń kọrin lórí odó bó bá ń gún nǹkan.

Wọ́n sin wọ́n. Ẹkún ni wọ́n ń sun nígbà yẹn, ẹ̀rù kò tíì bà wọ́n.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni nǹkan dé. Obìnrin kan gbé ẹ̀kọ síwájú ọmọ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí ọmọ náà ti na ọwọ́, nǹkan kan gbá àwo náà dànù. Obìnrin yìí rò pé ọmọ ló tì í. Ó bu òmíràn. Nǹkan náà tún gbá a dànù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò sí ilé tí oúnjẹ kò ti fọ́nká sílẹ̀. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn: àwọn òkú àjọ̀dún ni. Nínú aṣọ tí wọ́n fi sin wọ́n ni wọ́n wà, wọ́n ń dúró sí ẹ̀yìn ẹni tó bá fẹ́ jẹun, wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò na ẹnikẹ́ni, wọn kò fún ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń gbá dànù.

Wọ́n gbàdúrà, òkú ò lọ. Wọ́n ṣe ètùtù, òkú ò lọ. Àwọn ènìyàn wá ń jẹun bí olè: wọ́n á já èso sẹ́nu bí wọ́n ti ń sáré, wọ́n á gbé e mì láìjẹ ẹ́ kúnná. Egungun ìhà àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ọdẹ́bùnmi, ọmọ Ọdẹ́rìndé lóbìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmú rẹ̀ gbẹ. Ọmọ tuntun náà kò lágbára àti ké mọ́. Ńṣe ló ń mí gùlegùle bí ọmọ ẹyẹ.

Ọdẹ́rìndé ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín. Ebi ń pa á, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò bàjẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń gbé àwo kalẹ̀, kì í ṣe torí kó lè jẹun, bí kò ṣe torí pé bó bá ti bu òkèlè, Àwẹ̀ró yóò yọ sí i lẹ́yìn. Yóò gbá òkèlè náà dànù. Òun á sì yíjú wò ó, á máa wò ó títí tí yóò fi pòórá. Báyìí ló ṣe ń gbẹ lọ, tó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọjọ́ tí Ọdẹ́bùnmi gbé ọmọ rẹ̀ wá sí iwájú rẹ̀ ni ojú rẹ̀ là.

"Bàámi," Ọdẹ́bùnmi wí, "Màámi ni wọ́n gbá àgbo ọmọ mi dànù lówùúrọ̀ yìí. Mo rí wọn. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò dá mi lóhùn. Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Ọdẹ́rìndé gbé àwo ẹ̀wà kalẹ̀. Ó bu ú. Àwẹ̀ró yọ. Bó ti na ọwọ́ kó gbá a, Ọdẹ́rìndé di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí ìsàlẹ̀ àmù.

"Àwẹ̀ró, kí la fi ṣe yín tí ẹ fi fẹ́ fi ebi pa wá?"

Obìnrin tí kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ikú rẹ̀ la ẹnu, ohùn rẹ̀ sì ń bọ̀ bíi pé láti inú kànga.

"A ò fẹ́ kí ẹ kú ni," ó wí. "Oúnjẹ ló pa wá, a ò sì mọ èyí tó pa wá nínú ohun tí a jẹ. Títí a ó fi mọ̀ ọ́n, a ò ní jẹ́ kí ẹ fẹnu kan ìkankan."

Ọwọ́ náà yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí yìnyín.

Ọdẹ́rìndé lọ bá Baálẹ̀ Adégoróyè, ó ro ohun tó gbọ́ fún un. Baálẹ̀, tí òun náà ti rù kan egungun, sọ pé, "Ọdẹ, ìwọ lo máa ń sọ fún wa pé kò sí igbó tí o kò lè wọ̀. Lọ wá oúnjẹ tí àwọn òkú wa kò ní gbá dànù." Ọdẹ́rìndé bu díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ nílé: ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ, ilá gbígbẹ, àti ata gígún tó kù nínú igbá Àwẹ̀ró. Ó kó wọn sápò, ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì wọ Igbó Àjẹkù lọ.

Háà, Igbó Àjẹkù! Gbogbo oúnjẹ tó bàjẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ ní ilé ayé, ibẹ̀ ló ń gbé. Èèpo iṣu ń fi etí rìn. Egungun ẹran ń wá ẹran ara rẹ̀ kiri, ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ohun tó bá kọjá. Ìrẹsì tó ti kan ń sunkún nínú ewé. Òórùn ibẹ̀ lè ṣí fìlà lórí ènìyàn. Ọdẹ́rìndé ń pariwo oríkì ara rẹ̀ kí àyà rẹ̀ lè balẹ̀, ó ń ké pé, "Èmi Ọdẹ́rìndé, èmi tí ẹfọ̀n gbé tí kò lè gbé mì!" Igbó náà á gba ohùn rẹ̀, á dá a padà fún un pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bíi pé ẹnìkan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà náà ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rú sókè níwájú rẹ̀. Ó dà bí ooru ara ọbẹ̀ àná tí wọ́n gbàgbé láti dé. Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì pọ̀ bíi ti eṣinṣin.

"Mo ti bá ọ jókòó lórí ẹní kan náà, o ò kí mi," ó wí. "Mo ti sùn nínú àwo rẹ, o ò rí mi. Èmi nìkan ni mo wọlé láàárọ̀, a di ogunlọ́gọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ta ni mí?"

Ọdẹ kì í fi ẹnu nìkan dáhùn. Ọdẹ́rìndé yìnbọn sí i. Ọta la ooru náà sí méjì, méjèèjì sì dìde dúró. Ó tún yìn ín. Méjì di mẹ́rin. Ó yìn ín títí tí igbó fi kún fún wọn, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Ìbọn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́," ó sọ. "Ìwọ lo pa Àwẹ̀ró."

"O mọ̀ mí lóòótọ́. Àìfojúrí ni orúkọ mi. Ṣé o fẹ́ mọ inú ohun tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà?"

"Inú ẹran ni."

"Iná lé mi kúrò lára ẹran."

"Inú ẹja."

"Ẹ ò fẹnu kan ẹja lọ́jọ́ náà." Ooru náà na ara rẹ̀ gùn, ó fọwọ́ kan àpò Ọdẹ́rìndé. "Inú ata ni. Wọ́n sá a sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí ẹyẹ àti alángbá ń gbà kọjá. Wọ́n gún un, wọ́n sì wọ́n ọn sórí ẹran lẹ́yìn tí ẹran ti kúrò lórí iná. Ìyàwó rẹ ló gún un. Orin ló ń kọ bó ṣe ń gún un. Orin náà dùn mọ́ èmi pàápàá."

Ọdẹ́rìndé kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ará, ọkùnrin tí ẹfọ̀n kò lè mú kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú èèpo iṣu. Ó fa ata náà yọ nínú àpò, ó fẹ́ dà á nù.

"Dà á nù!" Àìfojúrí wí. "Mo ti wà nínú èyí tí wọn yóò gún lọ́dún tó ń bọ̀. Ibì kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn mi kì í lọ, Ìlú Kànga Aró, ní ẹ̀yìn igbó yìí. Mo sọ ọ́ fún ọ nítorí mo mọ irú yín. Ẹ̀rù èmi tí mò ń pa yín kì í bà yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ní láyà láti jẹ ohun tó bá ti ibẹ̀ jáde."

Ó túká. Òórùn rẹ̀ kò túká. Ọdẹ́rìndé dá ata náà padà sápò, ó ń lọ.

Ìlú Kànga Aró dákẹ́ ju itẹ́ òkú lọ. Kò sí eṣinṣin níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú aṣọ funfun, wọ́n ń fọwọ́ ṣe àmì sí ara wọn. Ní àárín ìlú ni ilé ńlá kan wà, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ènìyàn lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ sínú rẹ̀. Obìnrin kan tó ti dàgbà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àrìnpé, ni olùṣọ́ ilé náà. Ó gba Ọdẹ́rìndé lálejò, ó fún un lómi, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn náà ló mú un lọ wo ibi tí kànga wà.

Omi kànga náà jìn, ó sì mọ́ kedere. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìmọ́lẹ̀ kan ń tàn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tí oòrùn bọ́ sínú rẹ̀. Kò jó lálá, kò rú èéfín. Ó kàn ń wo ènìyàn ni.

"Nígbà tó bá wà lábẹ́ omi, ó ń sinmi," Ìyá Àrìnpé wí. "Bí a bá fẹ́ lò ó, gbogbo wa á jáde, a ó ti ìlẹ̀kùn, yóò gòkè wá fúnra rẹ̀, àwọn àpótí oúnjẹ á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lórí irin. Ìtànṣán rẹ̀ á gba inú oúnjẹ náà kọjá bí oòrùn ṣe ń gba inú omi. Gbogbo ọmọ Àìfojúrí tó bá bá níbẹ̀, yóò já okùn ẹ̀mí wọn sí wẹ́wẹ́. Wọn ò ní lè bímọ mọ́, wọn ò sì ní lè pa ènìyàn."

"Ṣé kò ní sun oúnjẹ náà?"

"Kì í ṣe iná. Ata rẹ á wọlé ní pupa, á jáde ní pupa, á sì ta ọ́ lẹ́nu."

"Agbára inú oúnjẹ ńkọ́, Ìyá? Ọmọ tuntun wà nílé tí ìyá rẹ̀ kò lómi ọmú."

"Díẹ̀ lè lọ, bí díẹ̀ ṣe máa ń lọ tí ẹ bá se é tàbí tí ẹ bá sá a sóòrùn. Èyí tó pọ̀ jù kò ní lọ, èyí tó ń mú egungun le àti èyí tó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í sì í dúró sínú oúnjẹ. Yóò kọjá ni, yóò lọ."

Ó tú àpò náà. Ó gbóòórùn ẹja, ó sì jù ú sọ́nà jíjìn. "Èyí ti jẹrà. Ìmọ́lẹ̀ mi kì í sọ ohun tó ti jẹrà di tuntun." Ó wo ata, ó yí i lọ́wọ́. "Èyí kò bu, kò jẹrà. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni ìyọnu rẹ̀." Ó di ata, ẹ̀wà àti ilá náà pinpin sínú ọ̀rá, kí Àìfojúrí má baà rí ọ̀nà padà wọlé lẹ́yìn náà, ó tò wọ́n sínú àpótí, ó sì jáde lọ kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ.

Ibí yìí ni orí ọdẹ ti fẹ́ kó bá Ọdẹ́rìndé. Ó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó ń rò ó pé, èwo ni kí n máa gbé àpótí rìn la Igbó Àjẹkù kọjá lọ́dọọdún? Kí ló dé tí mi ò ní bu díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yìí lọ sílé, kó máa ṣọ́ gbogbo àká wa? Agogo ìkìlọ̀ ń dún. Ìlẹ̀kùn ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kó bọ́ sínú.

Òjìji ọkùnrin kan dìde láti ara ògiri, ó dábùú ọ̀nà.

"Má wọlé."

"Kúrò lọ́nà. Èmi Ọdẹ́rìndé ni, ẹfọ̀n..."

"Èmi náà lágbára nígbà kan," òjìji náà wí. "Èmi ni olùṣọ́ ibí kí Àrìnpé tó dé. Ta lo fẹ́ mú un lọ fún?"

"Àwọn ará ilé mi."

"Torí tiwọn lèmi náà ṣe mú un. Èyí tí mo mú kò ju eyín ọmọdé lọ. Mo fi í sápò. Nígbà tí mo délé mo fi í sábẹ́ ibùsùn, nítorí ó ń tàn dáadáa, inú àwọn ọmọ sì dùn sí i." Ó ṣí ọwọ́ rẹ̀. Kò sí awọ níbẹ̀. "Kò gbóná. N kò mọ̀ pé ó ń jó wa."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òjìji mìíràn ti yọ lára ògiri. Ọ̀kan jẹ́ obìnrin, ó pọn nǹkan kékeré kan sẹ́yìn. Àwọn yòókù kéré. Èyí tó kéré jù kò ga ju orúnkún Ọdẹ́rìndé lọ. Wọn kò sunkún. Wọ́n kàn to ara wọn sẹ́nu ọ̀nà náà, wọ́n sì ń wò ó.

Ọdẹ́rìndé fà sẹ́yìn. Ìlẹ̀kùn pa dé gbàgà. Nígbà tí Ìyá Àrìnpé dé, ó bá a níbi tó jókòó sílẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà mú.

"O ti rí wọn," ó wí.

"Mo rí wọn, Ìyá."

"Àwọn ló ń bá mi ṣọ́ ọ. Ìmọ́lẹ̀ yìí kì í kúrò níbí. Oúnjẹ ló ń wá bá a."

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán tó sì ti padà sábẹ́ omi, wọ́n gbé àpótí náà jáde lódìkejì ilé. Ọdẹ́rìndé fọwọ́ kan ọ̀rá ata, kò gbóná. Ó gbé e lọ sí igun kan tó ṣókùnkùn, ó wò ó, kò tàn. Síbẹ̀ ẹ̀rù bà á láti gbé e lé èjìká, ó sì rántí ohun tí Àìfojúrí wí. Ó gbé e bẹ́ẹ̀, ó sì kọjú sílé. Nínú Igbó Àjẹkù, ooru náà tẹ̀ lé e láti ibẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fọwọ́ pa ọ̀rá náà yíká, ó ń wá ihò, kò rí.

Nígbà tó dé Ìdí-Àfọ̀n, gbogbo abúlé péjọ. Ó sọ ohun gbogbo tí ojú rẹ̀ rí, kò fi ìkankan pa mọ́. Baálẹ̀ Adégoróyè fà sẹ́yìn.

"Ìmọ́lẹ̀ tó pa tìyátọmọ, ohun tó gba inú rẹ̀ kọjá lo ní ká jẹ?"

"Èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ ẹ́, Baálẹ̀."

Ọdẹ́bùnmi se ẹ̀wà náà, ó fi ọwọ́ tó mọ́ bù ú. Ọdẹ́rìndé bu ata wọ́n ọn. Bó ti gbé àwo náà kalẹ̀, àwọn òkú dé. Kì í ṣe ẹyọ kan, gbogbo wọn ni, wọ́n yí i ká, Àwẹ̀ró sì wà níwájú wọn.

Ó ní láti sọ ọ́ báyìí, nítorí ohun tí wọn kò mọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ata ni," ó wí. "Ata tí a wọ́n sórí ẹran ló pa yín."

Gbogbo àwọn òkú yíjú sí Àwẹ̀ró. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń wò wọ́n títí.

"Àwẹ̀ró, ojú kò rí i," Ọdẹ́rìndé wí. "Kò sí ẹni tó lè rí i. Ata rẹ náà nìyí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kú. Wò mí."

Òkú ìyá arúgbó kan nínú wọn sún mọ́ Àwẹ̀ró, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, kò sì gbé e kúrò. Ọdẹ́rìndé bu ẹ̀wà náà. Ọwọ́ tútù dì í mú lọ́rùn ọwọ́. Ó mọ̀ pé bí ọwọ́ náà bá gbá òkèlè yìí dànù, òun yóò máa rí i lọ́la, àti lọ́tùnla. Ó mọ̀ pé bí ọwọ́ náà bá jẹ́ kí òun jẹun, ó parí nìyẹn. Ọmọ Ọdẹ́bùnmi mí gùlegùle lẹ́yìn rẹ̀.

"Jẹ́ kí n jẹun," ó wí.

Ọwọ́ náà tú u sílẹ̀.

Ó jẹ ẹ́. Ata ta á lẹ́nu, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn òkú kò lọ. Wọ́n dúró tì í títí di ọjọ́ kejì, wọ́n ń wo ikùn rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Inú kò run ún, kò bì, ara rẹ̀ kò gbóná. Nígbà náà ni Ọdẹ́bùnmi bu tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbá a dànù. Bí abúlé ṣe ń bu ata náà wọ́n oúnjẹ wọn, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́ láti agbolé dé agbolé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òkú ń dín kù. Àwẹ̀ró ló ṣẹ́kù gbẹ̀yìn. Ó fi ìka kan tọ́ ata náà wò, ó fi sẹ́nu, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀ bó ṣe máa ń fún pọ̀ nígbà ayé rẹ̀ bí ata bá ta á jù. Lẹ́yìn náà, ibi tó dúró sí ṣófo.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará Ìdí-Àfọ̀n ti ń sá ata wọn sórí pẹpẹ, tí àwọn ọdẹ sì ń ru ìkórè lọ sí Ìlú Kànga Aró kí àjọ̀dún tó dé. Omi ọmú Ọdẹ́bùnmi padà, ọmọ náà sì sanra débi pé wọ́n ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àwọn òkú lọ, Ọdẹ́rìndé nìkan jókòó nílé rẹ̀. Ó gbé àwo kalẹ̀. Ó bu òkèlè, ó gbé e dé ẹnu, ó sì dúró. Ó dúró pẹ́, apá rẹ̀ ń ro ó. Ó wẹ̀yìn wò. Ògiri ló rí. Ó fi oúnjẹ náà sẹ́nu, ó dùn, ibi tó sì ti ń jẹ ẹ́ ló ti bú sẹ́kún.